Láti ‘Gbà’ dé ‘Fìdí Múlẹ̀’: Èdè-Ìperí fún Ìpamọ́ Dátà Nínú Ètò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni gbólóhùn kékeré kan tí kọ̀ǹpútà máa ń sọ fún ẹni tí ó ń lò ó: ‘A ti fi pamọ́.’ Ẹni tí ó kọ lẹ́tà, ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ láti ilé ìfowópamọ́ kan sí òmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, gbogbo wọn ni wọ́n ń retí gbólóhùn yìí kí wọ́n tó dìde nídìí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti rí i, ọkàn wọn a balẹ̀, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí àwa tí a ń túmọ̀ èdè kọ̀ǹpútà sí Yorùbá jùmọ̀ yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an sí ohun tí ẹni náà kọ, ní àkókò tí a fi gbólóhùn yẹn hàn án?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan níbì kan ti gba ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ ọ́ síbì kankan. Ó lè jẹ́ pé ó ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó kọ kò tíì dé orí dísìkì. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà lórí dísìkì kan ṣoṣo. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti wà lórí dísìkì mẹ́ta ní ìlú méjì. Fi pamọ́ ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Èrò mi ni pé ó yẹ kí a ya àwọn ipò wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní èdè wa. Bí a kò bá yà wọ́n, atúmọ̀ èdè yóò máa fi ẹnu kọ̀ǹpútà ṣe ìlérí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò ṣe.

1. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Àká dátà ni mo pe ibi tí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń kó ohun tí ó mọ̀ sí. Dátà jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fi fóònù wo íntánẹ́ẹ̀tì tí kò mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ tí ó ní lẹ́nu àwọn tí ń tà á yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a ń lò níhìn-ín. Ní ti àká, a lè lo àkójọ tàbí ibùdó dípò rẹ̀. Àká wù mí jù, nítorí pé àgbẹ̀ kì í kó àgbàdo sí àká láti kàn kó o jọ. Ó ń kó o síbẹ̀ kí ó lè rí i mú nígbà tí ó bá fẹ́, kí òjò àti eku má sì bà á jẹ́.

Kọ̀ǹpútà apèsè ni èyí tí ó jókòó síbì kan tí ó ń dá fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn lóhùn. Iyè ni mo pe ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé a lè pè é ní ìrántí, ṣùgbọ́n ìrántí ni iṣẹ́, iyè ni ohun tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí iná bá lọ, iyè kọ̀ǹpútà di òfìfo. Ohun tí ó wà lórí dísìkì kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣíwọ́ iṣẹ́ lójijì, yálà nítorí iná tàbí nítorí àṣìṣe inú ètò, mo sọ pé ó dákú, nítorí pé ó tún lè jí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, èyí ni ìdúnàádúrà. A lè lò ó fún ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí àká dátà gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Fún àpẹẹrẹ, kí a yọ owó kúrò nínú àpò Àlàbí, kí a sì fi í kún ti Àṣàkẹ́. Ẹnìkan lè tako ìlò yìí, kí ó ní ìdúnàádúrà kò ju kí ọlọ́jà máa pe iye kan, kí oníbàárà máa ná an sí òmíràn, tí ó sì lè má yọrí sí ríra rárá. Lójú tèmi, ibi tí ẹni náà rò pé ọ̀rọ̀ yìí kù sí gan-an ni ó ti dára. Títí ọlọ́jà yóò fi di ọjà, oníbàárà lè yí ẹ̀yìn padà kí ó máa lọ, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú àká dátà: títí a ó fi fọwọ́ sí ìdúnàádúrà, a lè fagi lé e, àká yóò sì wà bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà mo dábàá ìfọwọ́sí fún ìgbésẹ̀ tí ó sọ ìdúnàádúrà di àṣeparí, àti ìfagilé fún òdì-kejì rẹ̀.

Ní ọdún 1981, Jim Gray, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìdúnàádúrà inú kọ̀ǹpútà, ó sì to àwọn ànímọ́ tí ó yẹ kí ó ní. Ní ọdún 1983, àwọn ará Jámánì méjì, Theo Härder àti Andreas Reuter, ka àwọn ànímọ́ náà sí mẹ́rin: kí iṣẹ́ náà ṣẹlẹ̀ lódindi tàbí kí ó má ṣẹlẹ̀ rárá, kí ó má rú òfin tí àká ń tẹ̀ lé, kí ìdúnàádúrà kan má rí iṣẹ́ tí òmíràn kò tíì parí, àti ẹ̀kẹrin, tí ó kàn wá níhìn-ín, pé ohun tí a bá ti fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ sọnù, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ dákú ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó tẹ̀ lé e.

Kí ni a ó pe ẹ̀kẹrin yìí? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n ń lò fún bàtà tàbí aṣọ tí kì í tètè gbó, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ lé e yóò sọ pé ìwàpẹ́ tàbí àlòpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pípẹ́ kọ́ ni èyí. Dátà tí a fọwọ́ sí ní agogo mẹ́wàá, tí oníbàárà sì fúnra rẹ̀ pa rẹ́ ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan, kò pẹ́, síbẹ̀ àká kò ba ìlérí rẹ̀ jẹ́. Ohun tí à ń wí ni pé nǹkan náà ti kan ilẹ̀, kò sí lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Fún ìdí èyí, ìfìdímúlẹ̀ ni mo fara mọ́. Mo gbà pé ó ní àbùkù kan: a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan ti fìdí múlẹ̀ nígbà tí a bá ti rí ẹ̀rí pé òótọ́ ni. Àká dátà kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Bí akọ̀wé bá kọ 18 dípò 81 fún máàkì akẹ́kọ̀ọ́, 18 náà ni yóò fìdí múlẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà.

2. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé orí dísìkì

Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò láti orí fóònù rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀, ó ti yan àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó wá tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ náà gba orí ìsokọ́ra lọ sí kọ̀ǹpútà apèsè. Ètò tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àká dátà. A ó gbà pé PostgreSQL ni àká náà, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ètò ni ó sì ń lò ó, àwọn tí ó ṣe é sì ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní gbangba.

PostgreSQL kì í sáré lọ síbi tí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò wà lórí dísìkì kí ó lọ kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú iyè ni ó ti kọ́kọ́ ń ṣe àtúnṣe sí ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ pé òun ti fọwọ́ sí i, ó ní láti kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé kan tí ó yàtọ̀. Ìwé yìí ni mo pè ní ìwé àkọṣáájú, nítorí pé a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ṣáájú ojú ewé gidi. Láti ẹ̀dà 7.1, tí ó jáde ní ọdún 2001, ni PostgreSQL ti ń lo ìwé yìí. Ìwúlò rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Àwọn ojú ewé àká fọ́n káàkiri orí dísìkì, lílọ síbi kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ àkókò. Ìlà kan lẹ́yìn èkejì ni a ń kọ ìwé àkọṣáájú, kíkọ rẹ̀ sì yá. Bí kọ̀ǹpútà bá dákú kí a tó kọ ojú ewé gidi, nígbà tí ó bá jí, yóò ṣí ìwé àkọṣáájú, yóò sì tún iṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀ ṣe. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wa wà láìléwu, kì í ṣe ojú ewé rẹ̀ ni a ó béèrè, bí kò ṣe ìlà tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé àkọṣáájú.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ alájọ yóò tètè lóye èyí. Alájọ tí ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ kì í dúró ṣírò gbogbo owó oníbàárà lójú ọjà. Àmì kan ni ó ń fà sórí káàdì oníbàárà, ó sì ń fà á sínú ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó di ilé kí ó tó ṣírò. Bí ó bá gbàgbé àpapọ̀ owó tí ó gbà lọ́jọ́ náà, kò sí ewu, àmì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n alájọ tí ó gba owó, tí ó ní òun yóò fàmì sí i bí òun bá délé, inú iyè rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí owó náà wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti máa ń ṣìnà ni wọ́n rò pé kíkọ ti parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ètò kan bá kọ nǹkan sínú fáìlì, ètò adarí kọ̀ǹpútà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò adarí yóò dáhùn pé ó ti di kíkọ, síbẹ̀ inú iyè ni ó fi í sí, kí ó lè kó púpọ̀ jọ kí ó tó dojú kọ dísìkì. Lórí Linux, bí a kò bá yí àwọn àṣàyàn rẹ̀ padà, ohun tí a kọ lè wà ní ipò yìí fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá. Bí iná bá lọ láàárín àkókò yìí, ó ti bá a lọ nìyẹn. Àṣẹ kan wà tí ètò lè fi sọ fún ètò adarí pé kí ó má dúró mọ́, kí ó gbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sórí dísìkì, kí ó má sì dáhùn títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. fsync ni orúkọ àṣẹ náà. Ìgbédélẹ̀ ni mo dábàá fún un. Ohun tí a bá ti gbé délẹ̀, a lè sọ pé ó ti délẹ̀.

Dísìkì pàápàá ní iyè kékeré tirẹ̀, ó sì lè dáhùn pé òun ti gba ẹrù nígbà tí ẹrù ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà. Lórí kọ̀ǹpútà tí ń lo macOS, fsync nìkan kò pàṣẹ fún dísìkì pé kí ó kó ohun tí ó wà nínú iyè rẹ̀ sílẹ̀. Àṣẹ mìíràn, F_FULLFSYNC, ni ó ń ṣe èyí. Àwọn dísìkì kan tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà apèsè ní ohun tí ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú wọn, ìwọ̀nba èyí tí wọn yóò fi parí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn bí iná bá lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà apèsè kalẹ̀ níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìkìlọ̀, ó yẹ kí ó béèrè irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kí ó tó béèrè iye tí ó lè gbà.

A ti wá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ara wọn: gbà, kọ àti délẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n kéré, pé wọn kò sì ní ìró ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn wọ́n. Gbólóhùn tí ìyá ọlọ́jà yóò kà lójú fóònù kò gbọdọ̀ gùn ju ojú fóònù lọ.

3. Àwọn tí wọ́n dín ìlérí kù

Ìgbédélẹ̀ ń jẹ àkókò, nítorí náà àwọn tí ó ṣe àká dátà fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ dín ìlérí kù kí iṣẹ́ lè yá. Nínú PostgreSQL, bí a bá pa àṣàyàn tí a ń pè ní synchronous_commit, àká yóò máa dáhùn kí ìwé àkọṣáájú tó délẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá wá dákú, iṣẹ́ tí a fọwọ́ sí láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn lè sọnù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyókù àká kò ní dàrú. Nínú InnoDB, tí MySQL ń lò, nọ́ńbà ni a fi ń yàn án. 1, tí ó jẹ́ ti àtilẹ̀wá, ń gbé ìwé délẹ̀ ní ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan. 2 ń kọ ọ́ fún ètò adarí ní ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń gbé e délẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 1 àti 2 kò ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín délẹ̀ àti kọ lọ.

Ti MongoDB tún jìnnà ju èyí lọ. Títí di oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn ètò tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ kì í dúró gbọ́ èsì kankan bí a kò bá ní kí wọ́n dúró. Wọn a ju ọ̀rọ̀ sórí ìsokọ́ra, wọn a sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ipò yìí kò tilẹ̀ tó gbà, rán ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dúró de èsì, nígbà tí ẹ̀dà 5.0 sì jáde ní ọdún 2021, ohun tí ó di ti àtilẹ̀wá ni pé kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà àká náà ti gba ọ̀rọ̀ kí a tó dáhùn.

N kò sọ pé ó burú kí ènìyàn dín ìlérí kù. Ètò tí ń ka iye ènìyàn tí ó wo àwòrán kan lè pàdánù ènìyàn mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ohun tí mo ń bá wí ni kí ètò tí a dín ìlérí rẹ̀ kù àti èyí tí a kò dín tirẹ̀ kù jùmọ̀ máa kọ gbólóhùn kan náà sójú fóònù. Nínú gírámà wa, ‘ti’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. ‘A ti fi pamọ́’ sọ pé iṣẹ́ ti parí, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ‘bóyá’.

4. Kíkà kì í ṣe ẹ̀rí

A máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ wọlé, kí wọ́n tún ojú ewé náà ṣí kí wọ́n wò ó. Ìmọ̀ràn yìí fi hàn pé àká gba ọ̀rọ̀ náà, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá ní kí àká ka ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún wa, inú iyè kan náà tí ó fi í sí ni yóò ti mú un jáde. Yóò kà á dáadáa, láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, bí dísìkì kò tilẹ̀ tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó dájú le ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ó ní kí ètò kan máa kọ nọ́ńbà sínú àká léraléra, 1, 2, 3, kí kọ̀ǹpútà kejì tí ó dá dúró sì máa ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo nọ́ńbà tí àká jẹ́wọ́ pé òun ti fọwọ́ sí. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, a ó fa iná yọ lára ẹ̀rọ àká. Kí a má ṣe pa á bí a ti ń pa á lójoojúmọ́, nítorí pé pípa bẹ́ẹ̀ ń fún un láyè láti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bí a bá tún tàn án, gbogbo nọ́ńbà tí ó wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kejì gbọ́dọ̀ wà nínú àká. Bí àká bá ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé ó ti fọwọ́ sí ọ̀kan tí èsì rẹ̀ kò tíì dé. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá dín, irọ́ ni ó ń pa fún wa.

Ohun tí ó hàn sí gbangba ní ọdún 2018 kọ́ àwọn tí ń ṣe PostgreSQL lọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti gbà tipẹ́ pé bí ìgbédélẹ̀ bá kùnà, àwọn lè tún un pè, bí ó bá sì dáhùn pé ó yọrí, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n wá rí i pé lórí Linux, lẹ́yìn tí ìgbédélẹ̀ bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, ètò adarí lè ka ohun tí kò lè kọ náà sí ohun tí kò sí gbèsè lórí rẹ̀ mọ́. Bí a bá wá pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò rí ohun tí yóò gbé, ó sì dáhùn pé ó yọrí. Èsì náà kì í ṣe irọ́ lójú ẹni tí ó fọhùn, ṣùgbọ́n dátà ti sọnù. Láti inú àwọn ẹ̀dà tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2019, bí ìgbédélẹ̀ bá kùnà, PostgreSQL kì í tún un pè mọ́. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ dákú, kí ó lè jí, kí ó sì tún gbogbo iṣẹ́ ṣe láti inú ìwé àkọṣáájú. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn ìpinnu tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí: pé kí ẹ̀rọ ṣubú lulẹ̀ ju kí ó jẹ́rìí sí ohun tí kò dá a lójú.

5. Ẹ̀dà

Dísìkì kan lè bàjẹ́, ilé tí ó wà sì lè jóná. Nítorí náà ni àwọn ètò ńlá fi ń ní àká àgbà kan, tí ó ń gba gbogbo ohun tí a ń kọ, àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn tí ó ń fi ohun kan náà ránṣẹ́ sí. Ìbéèrè kan náà ni yóò tún dìde: ṣé àká àgbà yóò dúró títí ẹ̀dà yóò fi gbà á kí ó tó dá aṣàmúlò lóhùn, àbí yóò dáhùn ná, kí ẹ̀dà máa bọ̀ lẹ́yìn? Àkọ́kọ́ ni mo pè ní ìṣẹ̀dà àjùmọ̀ṣe, èkejì ni ìṣẹ̀dà àtẹ̀lé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ GitHub ní Amẹ́ríkà ń pààrọ̀ ẹ̀rọ kan tí ó ń bàjẹ́, ìsokọ́ra já láàárín ibùdó kọ̀ǹpútà wọn tí ó jẹ́ olórí ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà àti ìkóríta ìsokọ́ra wọn ní ìhà kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá 43 péré ni ó fi já. Láàárín àkókò yìí, ètò tí ń yan àká àgbà rò pé ìlà-oòrùn ti kú, ó sì fi ẹ̀dà tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn jẹ àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí àká ìlà-oòrùn ti fọwọ́ sí tí wọn kò tíì dé ìwọ̀-oòrùn. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àká tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù, 954 ni wọ́n. Nígbà tí ìsokọ́ra padà, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èkejì kò ní. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni iṣẹ́ fi dàrú kí wọ́n tó tún un tò.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí fún onímọ̀ èdè-ìperí. Àwọn nǹkan 954 yẹn ti délẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó gbà wọ́n kò pa irọ́, dísìkì rẹ̀ kò bàjẹ́, wọn kò sì parẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó kọ wọ́n kò lè rí wọn mọ́, nítorí pé àká tí ó ń dá a lóhùn ti yí padà. Ó hàn gbangba pé délẹ̀ ń sọ nípa dísìkì kan, nígbà tí fìdí múlẹ̀ ń sọ nípa gbogbo ètò náà àti irú jàǹbá tí ó ti ṣe ìlérí pé òun yóò là já. Bí ìlérí náà kò bá ju kí iná lọ, délẹ̀ àti fìdí múlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bí ó bá kan kí ilé kan pòórá, nǹkan kò tíì fìdí múlẹ̀ títí ẹ̀dà yóò fi jẹ́wọ́. Mo rọ̀ wá kí a má ṣe pa ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan.

6. Gbólóhùn tí aṣàmúlò yóò rí

Ìlànà HTTP, tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù, ti mọ ìyàtọ̀ yìí láti ọdún 1996 ó kéré tán. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà 201 túmọ̀ sí pé a ti dá ohun tí a béèrè sílẹ̀. 202 túmọ̀ sí pé a ti gba ìbéèrè náà ṣùgbọ́n a kò tíì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń sọ òótọ́ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni a ń kó 201 àti 202 sínú agbọ̀n kan.

Fún 202, mo dábàá ‘A ti rí i gbà, a ó sọ fún yín bí ó bá wọ àká.’ Fún ohun tí ó ti fìdí múlẹ̀, ‘Ó ti wọ àká’ ti tó. Wọ àká jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́, a kò sì ní láti kọ ìfìdímúlẹ̀ gbàgàdà sójú fóònù. Ìwé ẹ̀kọ́ ni ó ni ìyẹn. Kí a fi ‘fi pamọ́’ sílẹ̀ fún bọ́tìnì tí a ń tẹ̀, nítorí pé àṣẹ ni bọ́tìnì, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ óò ṣàkíyèsí pé ‘yín’ ni mo lò. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì sàn kí ó bọ̀wọ̀ fún ọmọdé ju kí ó sọ ‘ìwọ’ sí àgbàlagbà.

Ìṣòro tí ó kù ni ti ìdákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tẹ bọ́tìnì, àmì ń yí lójú fóònù, kò sì sí èsì. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ apèsè. Ó sì lè jẹ́ pé ó dé, ó wọ àká, ó fìdí múlẹ̀, tí ó wá jẹ́ pé èsì ni ó sọnù lójú ọ̀nà. Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kò sí bí a ṣe lè fi ojú mọ ìyàtọ̀. Bí ètò bá kọ ‘Kò wọlé’, ó lè jẹ́ irọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún un tẹ̀, yóò sì forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ó san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé kí fóònù fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ó tó rán an. Bí ó bá tún un rán, nọ́ńbà kan náà ni yóò gbé lọ. Bí àká bá rí i pé òun ti ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà yẹn, kò ní tún un ṣe, èsì àkọ́kọ́ ni yóò tún fún un. Nọ́ńbà àìtúnṣe ni mo ń pè é títí a ó fi rí èyí tí ó dára jù.

Níbi tí irú nọ́ńbà yìí bá wà, gbólóhùn tí ó yẹ ni ‘A kò tíì gbọ́ èsì. Ẹ lè tún un tẹ̀; kò ní di méjì.’ Níbi tí kò bá sí, atúmọ̀ èdè kò ní agbára láti dá a sílẹ̀, ohun tí ó sì kù fún un láti kọ kò ju èyí lọ: ‘A kò tíì mọ̀ bóyá ó wọlé. Ẹ má tíì tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ yín.’